Ẹ̀bẹ̀ lórí Omi Ẹja Bàbá Mi, àti lórí Oko Ẹja tí Èmi Kò Ní

Ṣọ́ọ̀bù Awò Ojú,
Ìsàlẹ̀ Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Aláwọ̀ Ewé,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìpínfúnni Omi àti Ìgbẹ́jọ́ Aráàlú,
Ilé-Iṣẹ́ Omi,
Òkè Kẹta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ ORÚKỌ MI KÚRÒ LÁÀÁRÍN ÀWỌN ÀGBẸ̀ ẸLẸ́JA, KÍ N LÈ PADÀ MÁA PỌN OMI ÀSẸ́MỌ́ BÍI TI ẸLÒMÍRÀN

1. Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni mo ń ṣe awò ojú ní ìsàlẹ̀ ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé-ìfìwéránṣẹ́. Mo ti kọ̀wé sí yín ṣáájú èyí. Nínú èsì àkọ́kọ́, ẹ kí mi kú iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú èsì tó tẹ̀lé e, ẹ ní ẹ kò lè ka ìwé tí wọn kò fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ rẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà sí ti òní. Bó bá jẹ́ ojú ló ń yọ ẹni tó ń kàwé níbẹ̀ lẹ́nu, ẹ ní kó yà lọ́dọ̀ mi. N óò yẹ ojú náà wò fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

2. Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi, nítorí láìsí i, ẹja kankan kì bá tí dé ilé wa. Kúùkù inú ọkọ̀ òkun ni bàbá mi. Ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dáná fún àwọn ọkùnrin tí ebi ń pa, tí ilé wọn sì jìnnà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀ lọ. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí bàbá mi bá ti wálé ìsinmi, fèrèsé ni òun máa ń kọ́kọ́ tì, kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà kọ́ èébú tuntun. Ọkùnrin yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń dá jẹun. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò padà. Ó ń jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, á kọjú sí ògiri, á pa lọ́lọ́. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí ilé ìwòsàn fún wa á gbé àwòrán bàtà síwájú rẹ̀, á ní, "Bàbá, kí nìyí?" Bàbá mi á wo bàtà, á wá wo olùkọ́, bí ẹni pé olùkọ́ gan-an ni àìsàn ń ṣe.

3. Tọkọtaya kan tí mo ti ń ṣe awò fún láti ọjọ́ pípẹ́ ń kó kúrò ní ìlú, wọn ò sì lè gbé àpótí dígí wọn dání. Omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja kéékèèké méjì tí ara wọn pọ́n bí ọsàn tó gbó, tí wọ́n ní ìlà funfun lára, àti edé kan. Gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju báàgì tí ẹ̀yin ọ̀gá máa ń gbé rìnrìn-àjò iṣẹ́ lọ. Wọ́n fi í ta mí lọ́rẹ. Àwọn tó gbé e wọlé kò rí ibòmíràn gbé e sí, wọ́n gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Bàbá mi yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹja tó tóbi nínú méjèèjì fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, ó kọ̀ kò jáde wá jẹun. Bàbá mi wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Ọ̀lẹ."

4. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí àìsàn ti mú un. Awò oníbàárà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ yángá, n kò tilẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn "Ọ̀lẹ" ni "Wọ̀bìà" dé, ti ẹja kejì nìyẹn. Edé tó máa ń fi ẹsẹ̀ tín-ín-rín gbá ìdọ̀tí kiri ló gba "Káre." Nínú gbogbo ilé wa, èmi pẹ̀lú, edé nìkan ni bàbá mi yìn, la bá kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo bi olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ bóyá kí n máa bá bàbá wí nítorí èébú. Ó ní kí n má dán an wò, pé èébú náà ní fáwẹ̀lì.

5. Ó wá kan omi. Omi inú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń fà lójoojúmọ́. Ooru á gbé omi lọ, á fi iyọ̀ sílẹ̀. Bí a kò bá bu omi tí kò níyọ̀ kún un, iyọ̀ á pọ̀ jù, ẹja á sì gbẹ sínú omi, èyí tó jẹ́ ìtìjú fún ẹja àti fún onílé. Omi tí a ó bù kún un náà sì gbọ́dọ̀ mọ́ débi pé kò ní ní nǹkan mìíràn nínú ju omi lọ.

6. Omi ẹ̀rọ yín la kọ́kọ́ lò. N kò sọ pé omi ẹ̀rọ yín kò dára. Mo ń mu ún láti kékeré, mo sì wà láàyè títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò tí ẹ ń dà sí i, àti àwọn ohun tí páìpù yín ń fi kún un lọ́nà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín, kò bá ẹran inú omi òkun lára mu. Kò pẹ́ tí nǹkan aláwọ̀ ewé kan fi hù bo òkúta bí irùngbọ̀n. Ẹja méjèèjì ń mí gúlegúle. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá Káre ní ìdojúdé nísàlẹ̀ àpótí. Bàbá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó yí àga rẹ̀ padà sí ògiri.

7. Ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ nítòsí ọjà wá bá mi wo omi náà. Ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́, ó ní omi àsẹ́mọ́ nìkan ló lè gbà wá. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n débi pé ẹja ni ì bá máa mu omi olówó, kí àwa máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ láti fi gbọ́ bùkátà wọn. Ẹ̀rọ asẹ́mi tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu páìpù sì wà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi tó ń tú jáde tagbáratagbára. Ní ilé wa, omi yín ń yọ bí ikun imú ọmọ tí òtútù mú.

8. Ìgbà náà gan-an lẹ ṣí ilé ìpọnmi àsẹ́mọ́ sí òpópónà kejì sí wa. N kò ní fi ẹnu ẹ̀gàn sọ èyí: kò sí ohun tí ilé-iṣẹ́ yín ṣe rí tó dára tó o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, títí kan àwọn tí kò béèrè. Tèèyàn bá ti ní káàdì àti kẹ́ẹ̀gì, owó tí apá mẹ̀kúnnù ká ni wọ́n ń gbà. A fọ àpótí, a pààrọ̀ omi, irùngbọ̀n náà ká kúrò. Mo ra edé mìíràn. Bàbá mi yí àga rẹ̀ padà, ó wò ó bó ṣe ń gbálẹ̀ kiri, ó ní, "Káre Kejì." Ọ̀rọ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Mo sáré jáde lọ sọ fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé.

9. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìpọnmi náà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Kẹ́ẹ̀gì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó rí i pé mo máa ń béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ inú ẹ̀rọ, ó wá bi mí ní ọjọ́ kan pé kí ni mo ń fi omi náà ṣe gan-an. Ìyá mi kọ́ mi pé kí n má purọ́, ẹ̀kọ́ yìí sì ti kó bá mi tó báyìí. Mo ní, "Ẹja bàbá mi ni mo ń pọn ọ́n fún." Àǹtí Kẹ́ẹ̀gì gbá àyà, ó ní, "Ha, ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún mi? Wọ́n ní kí n máa kọ irú ẹ̀ sílẹ̀!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ mí bó ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí mo tún padà lọ, ẹ̀rọ yín gbé káàdì mi mì, kò sì bì í.

10. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ pé ẹnu ènìyàn nìkan ni omi náà wà fún. N kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Kí n ṣáà sọ pé ọkùnrin tó máa ń wà níwájú mi lórí ìlà ń rọ tirẹ̀ sínú bátìrì ọkọ̀, obìnrin tó wà lẹ́yìn mi sì ń rọ tirẹ̀ sínú áyọ́ọ̀nù. Èmi kò tíì rí bátìrì tó lẹ́nu. Ìwé náà tún sọ pé ẹ ti gbé mi lọ sí ìsọ̀rí Àgbẹ̀ Ẹlẹ́ja, àwọn tí ẹ ń fi ọkọ̀ táńkà gbé omi lọ fún, àti pé ohun tó kéré jù tí mo lè rà ni táńkà kan. Ẹ̀yin ọ̀gá, lọ́jọ́ tí ẹ bá tú táńkà kan sínú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn aládùúgbò mi ni yóò di ẹja.

11. Mo gbìyànjú láti dá a ṣe. Mo gbé bàsíà sábẹ́ òrùlé láti gbe omi òjò, ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́ gbójú sókè, ó rí àwọn ẹyẹlé tó tò sórí páànù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo se omi nínú ìkòkò, mo fi abọ́ gbe omi ooru rẹ̀ bó ṣe ń kán tó-tó-tó. Ohun tí mo rí gbe kò kún ife, gbogbo ọ̀dà ara ògiri ilé ìdáná mi sì bó. Ní gbogbo àkókò yìí, omi inú àpótí ń lọ sílẹ̀. Bàbá mi á na ọ̀pá rẹ̀ sí ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀, á tún nà án sí ibi tó dé báyìí, á wá wo ojú mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ti ń dín kù. Èyí ló mú kí n kọ̀wé àkọ́kọ́ sí yín, tí ẹ fi rán alábẹ̀wò.

12. Alábẹ̀wò yín dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé oko ló ń lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo awò ojú tó kún ara ògiri, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà oko dà?" Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ nínú níbí, kí ẹ ṣáà má tẹ bàbá mi lẹ́sẹ̀." Ọmọlúàbí ni, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó kí bàbá mi. Lẹ́yìn náà ló fa okùn ìwọ̀n yọ, ó wọn àpótí náà pọ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan ibi tí mo ń kó súgà sí.

13. Ó bi mí pé òṣìṣẹ́ mélòó ló wà nínú oko. Mo ní èmi àti bàbá mi la wà níbí. Ó kọ ọ́. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ máa ń kó ẹja tà?" Mo ní, "A kì í tà á. À ń wò ó ni." Ó ronú sí èyí díẹ̀, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oko náà kò tíì ní ìkórè. Ó wá kù kó ka ẹja. Ọ̀lẹ ti sá sẹ́yìn òkúta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Alábẹ̀wò yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìdí bírò kan dígí náà, kó, kó, kó, kí ẹja lè jáde sí i.

14. Bàbá mi dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, ó ní, ketekete, bí ẹni pé àwọn atukọ̀ òkun ṣì ń tò gba oúnjẹ níwájú rẹ̀: "Mú ọwọ́ ẹ kúrò lára dígí yẹn, olórí bí ìkòkò tí kò ní ọmọrí!"

15. Odidi gbólóhùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn férémù awò, mo bú sẹ́kún. Bàbá mi fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ojúlùmọ̀ tí wọn kò fojú kanra tipẹ́. Alábẹ̀wò yín rò pé ìtìjú ló ń pa mí lẹ́kún. Ó bẹ̀rẹ̀ tì mí, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́, ìyá mi. Òṣìṣẹ́ oko ò ṣeé tọ́ sọ́nà." Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fi nu ojú tán, ó ti gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ.

16. Nínú ìwé yín tó dé kẹ́yìn, ẹ sọ pé àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko mi sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí aṣojú ìjọba. Ẹ ní kí n bá òṣìṣẹ́ náà wí, kí ó sì tọrọ àforíjì, kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́ omi mi. Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé n kò lè bá a wí. Òun ló bí mi. Mo sì ka ìwé yín sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "N ò níí bẹ̀ ẹ́." Ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ yín ń ràn wá lọ́wọ́ láìmọ̀.

17. Èmi fúnra mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alábẹ̀wò náà, tinútinú. Orí rẹ̀ dára. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo ojú èèyàn fínnífínní, n óò sì jẹ́rìí níbikíbi pé kò jọ ìkòkò rárá, àyàfi téèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

18. Ẹ lè fẹ́ mọ ohun tí ẹja náà ń lò báyìí. Àwọn oníbàárà mi ló gbọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá gba awò ojú á pọn omi àsẹ́mọ́ díẹ̀ nínú ike lórí káàdì tirẹ̀, á gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì mi, á ní ṣe ni òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Díẹ̀ lára wọn ń gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ yín láràárọ̀, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe ríran tó. Ṣùgbọ́n ojú kì í bàjẹ́ lójoojúmọ́, omi ní tirẹ̀ sì ń fà lójoojúmọ́. Nígbà tí oníbàárà bá dín, omi á dín, mo sì ti rí ibi tí bàbá mi ń yí àga sí bí omi bá dín.

19. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ mí kúrò láàárín àwọn àgbẹ̀. Wọn ò mọ̀ mí, n kò mọ̀ wọ́n, bí a bá sì pàdé, kò sí ohun tí n óò bá wọn sọ. Ẹ dá káàdì mi padà láti inú ikùn ẹ̀rọ yín. Kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́sẹ̀ ni mò ń fẹ́, ní iye tí gbogbo ìlú ń san. Bó bá pọn dandan pé ẹnu ènìyàn ni kí omi náà wà fún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu bàbá mi ni. Irọ́ kọ́.

20. Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, èyí sì ni kò sí nínú àwọn ìwé mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ gbólóhùn bàbá mi fún olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó ní kí n tún un sọ, ó tún ní kí n tún un sọ. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yàrá kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún "ọmọrí." Ó wá bi mí pé, "Ta lẹni tó mú kó sọ ọ́?" Ó ní kí n wá ẹni náà kàn, kí n má jẹ́ kó sọnù. Mo ń bẹ̀ yín, bí iṣẹ́ bá gbà á láyè, kí ẹ jẹ́ kí alábẹ̀wò náà máa yà sọ́dọ̀ wa. Kò nílò bàtà rọ́bà. Kò nílò kó wọn nǹkan kan. Àga rẹ̀ wà, tíì rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, bàbá mi ní kí n bá òun fá irùn àgbọ̀n. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó mọ́ jù lọ, ó kẹ̀yìn sí àwọn ẹja, ó jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Nígbà tí mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ó di apá mi mú, ó ní, "Ṣé kò níí wá mọ́ ni?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù tí ẹ fi ka èyí dé òpin, bí ẹ bá kà á dé òpin.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo,

Aláwò Ojú Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
Ọmọ Kúùkù.